Ẹnu-Ọ̀nà Kẹ́mísírì Kìíní

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́," ni ìyá wí. "Ẹ máa ya á."

Ìwé náà wà lọ́wọ́ púlọ́mbà. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ náà. Ó tún yí i wẹ̀yìn, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló wà níwájú, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

"Ka ìlà kẹta fún mi," ó wí fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ń so okùn bàtà rẹ̀. Kò wo ìwé. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

"'A kò lè fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún Kẹ́mísírì Kìíní, nítorí pé o kò ṣe ìdánwò afọwọ́ṣe ní ilé-ìwé girama.'"

"Kí ló dé tí o ò ṣe é?"

"Wọn ò ṣe é fún wa, Bàbá. Èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé nìkan ni gbogbo kíláàsì wa ṣe."

"O sì gba A níbẹ̀."

"Mo gba A."

"Kí ni wọ́n wá ń wí?"

Ọmọ náà fa okùn bàtà rẹ̀ le. Ó ti dáhùn ìbéèrè yẹn lálẹ́ àná títí ohùn rẹ̀ fi há.

Yunifásítì ti gbà á láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Lẹ́tà wọn wà nínú férémù lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ apòògùn gbọ́dọ̀ gba Kẹ́mísírì Kìíní lọ́dún àkọ́kọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà, àyè rẹ̀ ti lọ. Akọ̀wé yunifásítì tó wà lójú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ lánàá ní kó lọ gba ìwé wá láti ilé-ìwé rẹ̀.

Ìyá gbé tíì àti búrẹ́dì kalẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́ sí, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ti bó.

"Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ó wí, "kẹ́ẹ̀gì ásíìdì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ṣe afọwọ́ṣe."

"Ìyá Dókítà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ásíìdì là ń sọ."

"Kí wá là ń sọ? Kẹ́mísírì kọ́?"

Púlọ́mbà ki búrẹ́dì bọ tíì. Ó jẹ́ kó pẹ́ jù, ó já sínú kọ́ọ̀pù. Ó gbé kọ́ọ̀pù náà kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a lọ," ni ìyá wí. "Bí èmi bá pa iṣẹ́ jẹ lónìí, ọ̀gá wa ò ní gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ bínú níbẹ̀ o."

"Ta ló ń bínú?"

"Ẹ gbọ́ ohùn yín."

"Ohùn tí mo gbé wáyé nìyí!"

Ìyàwó télọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá kejì ni wọ́n ń gbé, ògiri àárín wọn kò sì nípọn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ.

"Dókítà wa! O ṣì wà nílé?"

Orúkọ tí gbogbo ilé náà ń pe ọmọ náà nìyẹn, láti ìgbà tó ti wà ní kékeré tó ń fi okùn di ẹsẹ̀ adìẹ tó dá.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Wọ́n ní wọn ò gbà ọ́."

"Wọ́n gbà á," ni ìyá wí. "Ìwé ló kù."

"Ìwé náà ni wọ́n ní ó kù fún ọmọ àbúrò mi. Físíìsì ni tiẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ nípa ìtàn àtijọ́. Ó ti wá mọ orúkọ gbogbo ọba tó ti kú. Kò mọ ọ̀kan ṣoṣo tó wà láàyè tó lè fún un níṣẹ́."

"Ìyàwó télọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ó lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ kí ó tó jókòó.

Púlọ́mbà gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ lòun ń lọ. Kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ilé-ìwé kò jìnnà. Pírínsípà wà ní ọ́fíìsì, ó ń fi rúlà lé eṣinṣin. Ó mọ ọmọ náà dáadáa. Ó yìn ín, ó ní irú rẹ̀ kì í wá lọ́dọọdún. Nígbà tó ka ìwé náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé lọ́sẹ̀ yìí," ó wí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ṣe é," ni púlọ́mbà wí.

"Kò ṣe é."

"Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n."

"Púlọ́mbà, nọ́ńbà ìdánwò wà lára ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, ti ilé-ìwé tí kò ní láàbù ni. Kọ̀ǹpútà wọn ń rí i. Bí mo bá parọ́, wọ́n á fi òun sílẹ̀, wọ́n á wá mú èmi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò ní láàbù? Irú ilé-ìwé wo nìyí? Ọmọ á máa kọ́ kẹ́mísírì lójú pátákó!"

"Tíṣà wa máa ń ya iná sójú pátákó," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà òtútù, a máa ń ní ká lọ yáná níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Pírínsípà ń wo púlọ́mbà. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé òótọ́ lẹ ò rántí ni?"

"Kí ni mo fẹ́ rántí?"

"Ìpàdé àwọn òbí, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kíláàsì ti kún, àwọn ọmọ ń jókòó sójú fèrèsé. Ẹ̀yin lẹ dìde. Ẹ ní láàbù tí kò ní tíṣà, tí kò ní oògùn kankan nínú, kí ló ń jókòó ṣe? Ẹ ní kí a kó àwọn ọmọ síbẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín máa yọ páìpù àti síǹkì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Púlọ́mbà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Mi ò fi í bú yín," ni pírínsípà wí. "Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ wá nígbà ọlidé, ẹ yọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, iṣẹ́ yín mọ́ tónítóní. Síǹkì mẹ́fà. Márùn-ún la fi gba bẹ́ǹṣì ní pàṣípààrọ̀. Ìkẹfà, a ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀. Ó mọ síǹkì kan lẹ́yìn ilé wọn. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fọ abọ́ nínú rẹ̀. Kò bèèrè rí ibi tó ti wá.

Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ka nǹkan pa pọ̀ nínú yàrá tó jẹ́ láàbù tẹ́lẹ̀. Ọgọ́rin ni wọ́n. Ohùn wọn ga.

"Àwọn aláṣẹ ìjọba wá ńkọ́?" ni púlọ́mbà bèèrè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa fọwọ́ tì.

"Ọdọọdún ni mo ń kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n kọ́ yàrá, kí wọ́n rán tíṣà wá. Lọ́dún tí ẹ yọ síǹkì, wọ́n fèsì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a rí ọ̀nà gbé e gbà."

Pírínsípà kọ ìwé náà. Ó kọ òótọ́ síbẹ̀: pé ọmọ náà ló ṣe ipò kìíní, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé kò sí láàbù. Ó lu òǹtẹ̀ méjì sí i níbi tí ọ̀kan ti tó.

Nínú ọkọ̀, ọmọ jókòó sójú fèrèsé. Bàbá gbé báàgì sórí ẹsẹ̀. Fóònù púlọ́mbà ń dún. Oníbàárà kan ni.

"Púlọ́mbà! Omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti àná!"

"Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì."

"Mo ti sún un! Ó tún ń kán síbi tí mo sún un sí!"

"Ẹ gbé garawa síbẹ̀. Ọ̀la."

Ó pa fóònù náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wí pé: "Àwa ń wá àyè fún yín ni."

Ọmọ náà ń wo títì.

"Ẹ̀ ń jókòó sójú fèrèsé kíláàsì nígbà yẹn," ó tún wí. "O lè ti já bọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Aago méjì kọjá kí wọ́n tó dé yunifásítì. Ẹ̀ka kẹ́mísírì wà lókè àjà kejì. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wà níwájú wọn lójú fèrèsé náà, púpọ̀ nínú wọn di ìwé mú bíi tiwọn. Obìnrin kan ń sunkún láìpariwo. Ọkùnrin kan ń fi ìwé-ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ara. Nígbà tó kan àwọn náà, aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Akọ̀wé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ka lẹ́tà pírínsípà tán, ó sì dá a padà lábẹ́ gíláàsì.

"Ìwé tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afọwọ́ṣe."

"Wọ́n ní kò sí láàbù," ni púlọ́mbà wí.

"Mo kà á, Bàbá."

"Kí ló wá yẹ kó ṣe?"

"Kíláàsì kan wà tí a ń pè ní Ìpìlẹ̀ Kẹ́mísírì. Oṣù mẹ́fà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní afọwọ́ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Ojú ọmọ náà là. "Ẹ fi mí síbẹ̀ mà."

"Kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ti ṣe Kẹ́mísírì Kìíní tí wọ́n fìdí rẹmi, tí wọ́n já, nìkan là ń gbà síbẹ̀."

Púlọ́mbà tẹ ara rẹ̀ síwájú.

"Ẹ tún un sọ."

"Àwọn tó ti já nìkan, Bàbá."

"Kó tó wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já nínú Kẹ́mísírì Kìíní."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kó tó lè já níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọlé síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ ò sì jẹ́ kó wọlé síbẹ̀."

Akọ̀wé náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Èmi kọ́ ló kọ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, pupa ló ń yọ."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé kó lọ já nígbà náà! Ẹ jẹ́ kó já! Ṣé ọmọ mi ò yẹ lẹ́ni tó ń já ni?"

Ohùn rẹ̀ dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àwọn tó wà lórí ìlà dákẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn wí pé, "Sọ fún wọn, Bàbá!" Ilẹ̀kùn kan ṣí, ọkùnrin àgbàlagbà kan yọrí síta, aṣọ funfun rẹ̀ ní àbàwọ́n níwájú. Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì Kẹ́mísírì Kìíní ni.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ náà ló sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó lo 'sà' níbi tó yẹ. Olùkọ́ náà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bi í ní ìkẹrin, èyí tó le. Ó dáhùn, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

"Wọlé wá," ni olùkọ́ wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ náà máa wọ láàbù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn kó má baà fọwọ́ kan nǹkan. Tábìlì gígùn-gígùn ni, pẹ̀lú síǹkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púlọ́mbà ka síǹkì náà láìmọ̀ pé òun ń kà. Ogún ni. Mẹ́ta nínú wọn ń jò.

Olùkọ́ mú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi irin mú dúró. Wọ́n fa ìlà àti nọ́ńbà sí i lára, ó sì ní táàpù kékeré nísàlẹ̀. Ó rọ omi sínú rẹ̀.

"O mọ èyí?"

"Mo lè yà á, sà."

"Ibo lo ti máa ka ìwọ̀n omi rẹ̀?"

"Ojú omi máa ń tẹ̀ wọnú láàárín. Ìsàlẹ̀ ibi tó ti tẹ̀ la ti ń kà á, kí ojú ẹni sì ṣe déédé pẹ̀lú rẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ kó máa kán sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Ọmọ náà na ọwọ́. Ó yí táàpù náà, omi sì ya sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó da sórí bàtà rẹ̀. Ó yí i padà. Ó tún yí i. Omi tún ya.

Olùkọ́ náà ń fi àánú wò ó, àánú náà sì burú ju èébú lọ.

"Ọwọ́ òsì," ni púlọ́mbà wí láti ẹ̀yìn.

"Bàbá..."

"Fi ọwọ́ òsì gbá a mú yíká látẹ̀yìn. Má fà á. Tẹ̀ ẹ́ wọnú díẹ̀ bó o ṣe ń yí i. Kò gbọdọ̀ dé ìdajì. Ibi tí o bá ti rí i pé ó fẹ́ ṣí, dúró níbẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kán. Ó dúró. Ó tún kán. Ó kán lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kà á.

"Bàbá," ni olùkọ́ wí, "ẹ̀yin lẹ lè wọ kíláàsì mi."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni púlọ́mbà wí. "Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Kí ni?"

"Ohun tí ẹ ní kò mọ̀. Báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó mọ̀ ọ́n?"

Olùkọ́ náà wo ọ̀pá gíláàsì náà. "Kò tó ìṣẹ́jú kan."

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú kan?"

Olùkọ́ jáde, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ó tẹ orí mọ́ fèrèsé akọ̀wé. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fúngbà díẹ̀. Akọ̀wé náà gbọ́ ọ tán, ó sì ṣí fáìlì kan, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé.

"Òfin náà rèé, sà. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i lọ́dún tó kọjá. Ìfọwọ́sí yín rèé."

Olùkọ́ náà wo ìfọwọ́sí rẹ̀.

"Àwọn tó ń já ló ń pọ̀ jù," ó wí fún púlọ́mbà. "A rò pé tí a bá sún ẹnu-ọ̀nà sókè..."

Kò parí rẹ̀. Ó padà sínú láàbù, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá. Akọ̀wé ti fọ́ọ̀mù kan jáde lábẹ́ gíláàsì.

"Dókítà," ó wí, torí ó ti gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, "gbọ́ mi, ọmọ mi. Àyè ṣì wà ní ẹ̀ka mẹ́ta tí kò béèrè kẹ́mísírì. Ìtàn. Ẹ̀kọ́ ìsìn. Ìtọ́jú ilé-ìkàwé. Mú ọ̀kan, kí àyè rẹ má baà lọ. Fọwọ́ sí i níbí."

"Tí mo bá mú un, ṣé mo lè padà sí apòògùn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ó dìgbà tí o bá ṣe Kẹ́mísírì Kìíní."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó dákẹ́ nígbà tí kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín.

"Fọwọ́ sí i," ni púlọ́mbà wí.

"Rárá, Bàbá."

"Ìtọ́jú ilé-ìkàwé pẹ̀lú, yunifásítì ni. Fọwọ́ sí i, mo bẹ̀ ọ́."

Kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ọmọ náà mú bírò, ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní: 'Èmi fúnra mi ni mo yàn án.' Ó gbé bírò náà kalẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo yàn án," ó wí. Ó ti fọ́ọ̀mù náà padà.

Wọ́n dúró síbẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ìdí tí wọ́n fi dúró. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, akọ̀wé náà fa aṣọ fèrèsé. Wọ́n gbọ́ tó ń tú bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ náà, tó ń wí fún ẹnì kan pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó télọ̀ wà níta, ó ń ká aṣọ. Ó wo ojú wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbélé, kò bèèrè nǹkan kan. Ó wọlé, ó sì ní kí ọkọ rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

Ìyá ti se ìrẹsì. Ó bu tiwọn. Púlọ́mbà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Ìpìlẹ̀ Kẹ́mísírì, táàpù, ìfọwọ́sí olùkọ́. Ó sọ ti ìpàdé náà kẹ́yìn. Ó lè fi í sílẹ̀ láìsọ. Ó sọ ọ́.

"Mo wà níbẹ̀," ni ìyá wí. "Mo dìde pàtẹ́wọ́ fún yín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Ìyá Dókítà..."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní."

Ọmọ náà kò jẹ ju síbí mẹ́rin lọ. Ìyá rẹ̀ ń wo bó ṣe ń ti ìrẹsì kiri inú abọ́.

"Wọ́n ń wá ẹnì kan nílé ìfọṣọ," ó wí níkẹyìn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Obìnrin tí èéfín mú lọ́sẹ̀ tó kọjá ò ní padà wá."

"Kí ló máa ń ṣe níbẹ̀?" ni ọmọ náà bèèrè.

"Òun ló ń po oògùn ìfọṣọ."

Púlọ́mbà dìde. Ó ní òun ò ní gbà. Ó ní kò sí ọmọ òun tó máa lọ fa irú èéfín bẹ́ẹ̀ símú, òun á lọ bá wọn lọ́la, òun á lọ bá ẹni tó ga jù wọ́n lọ. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi tán. Àwọn méjèèjì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?" ni ọmọ náà bi ìyá rẹ̀.

"Mẹ́fà ààbọ̀."

Ìyá kó abọ́. Ó gbé wọn lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró níwájú síǹkì, ó sì ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé bàsíà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọ wọ́n nílẹ̀.

Lọ́dún náà, igba ènìyàn ni kíláàsì Kẹ́mísírì Kìíní lè gbà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú àwọn àga náà ló ṣófo títí ọdún fi parí.